Akọ̀wé Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tẹ "Rárá"

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu bọ́ sínú tíì mi. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọmọ àbúrò mi obìnrin lọ̀rọ̀ kàn.

Ọjọ́ tó wọṣẹ́ akọ̀wé ọ̀gá, màmá tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fáìlì, fà á sí kọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, má kọ nǹkan kan sílẹ̀ o. Orí ni kó o kó gbogbo ẹ̀ sí. Ẹni tí iṣẹ́ ò lè lọ lẹ́yìn ẹ̀, ta ló máa lé e?"

Ọmọ gbọ́ràn. Ọjọ́ ìbí ìyàwó ọ̀gá, nọ́ńbà dókítà rẹ̀, ibi tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́kànlá wà, orí ló kó wọn sí. Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀, bàtà àlejò ló ń wò. Bó bá gbàyè ìsinmi ọjọ́ kan péré, fóònù á dún.

"Ibo lo fi gíláàsì mi sí?"

"Ó wà lójú yín, sà."

Lọ́dún kẹsàn-án, ẹ̀ka iléeṣẹ́ wọn kan ń wá akọ̀wé, nílùú tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni tọkọtaya náà ń fojú kanra. Ẹ̀ka náà fẹ́ ẹ. Ó ku kí ọ̀gá yọ̀ǹda rẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà tí wọ́n fi béèrè rẹ̀ wọlé fún ọ̀gá.

"Wọ́n fẹ́ gé mi lọ́wọ́ ni? Tẹ èsì: rárá. O ṣáà mọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Sà, èmi ni wọ́n ń béèrè."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fún wọn."

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá kì í ka ohun tó ń buwọ́ lù. Ó lè tẹ "mo gbà" kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ọ̀gá lẹ́nu rí, ìka rẹ̀ sì kọ̀. Ó tẹ "rárá", ó fi ọ̀rọ̀ dídùn wé e, kò ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ̀. Ọ̀gá buwọ́ lù ú. Kò kà á.

Okùn tó fi di ẹrù ló wá so òun fúnra rẹ̀ mọ́gi.

Lọ́jọ́ kejì ó ra ìwé nóòtù. Ojú ewé kìíní: "Gíláàsì ọ̀gá: kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀." Ó ti kọ ọ́ dé ìdajì báyìí, ní kọ̀rọ̀, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní bó bá kún, òun á gbé e síwájú ọ̀gá pé ẹlòmíràn lè fi ṣiṣẹ́ òun, òun á tún béèrè pé kó yọ̀ǹda òun. Ọ̀gá, ẹ̀wẹ̀, ti ra àga tuntun fún un, èyí tó dára láti jókòó pẹ́.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ o, nítorí eyín mi: kọ́kọ́rọ́ yẹn, mẹ́fà ni. Mọ́kànlá ló dùn lẹ́nu jù.