Pákò Bàbá Fádáhùnsí àti Etí Ìyá Láwàlì

Ní Ọ̀tà, lọ́dún 1956, gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé etí Ìyá Láwàlì ti di. Òun ní irọ́ ni. Ó ní àwọn ará ìsinsìnyí ni kò mọ ọ̀rọ̀ sọ síta mọ́.

Opó ni. Òun nìkan ló ń gbé ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ń hun ẹní tà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì ń dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè. Eékún máa ń dùn ún, ó ń fi àdí pa á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó torí eékún sọ pé kó kó lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ etí ni wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn.

Láwàlì, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè, dé láti Èkó láàárọ̀ Sátidé kan. Ó ti bá awakọ̀ lọ́rí ṣàdéhùn, ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ kí oòrùn tó wọ̀.

"Màámi, bí olè bá wọlé, ẹ ò ní gbọ́."

"Kí lolè fẹ́ jí? Ẹní? Ṣé kò ní ẹní nílé tirẹ̀ ni?"

Láwàlì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé àwọn ará àdúgbò ló purọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Fádáhùnsí, àgbẹ̀ tó múlé tì wọ́n, wọlé pẹ̀lú pákò gbọọrọ lẹ́nu.

Ìyá Láwàlì kò jẹ́ kó mí. "Ẹ káàárọ̀ o. Ará ilé ńkọ́? Oko ńkọ́? Òbúkọ wa ńkọ́?"

"Ó ti kú," ni Bàbá wí, ó ń run pákò lọ.

"Alhamdulilahi. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí."

Ta ni kì í dáhùn pé "ó wà" tí a bá kí i? Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìkíni kò nílò etí. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, òbúkọ kan ba iṣẹ́ jẹ́.

Láwàlì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Màámi, ẹ di ẹrù yín."

Ìyá rí ẹ̀rín yẹn, ó mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́. Ó kọjú sí Bàbá. "Ẹ yọ pákò yẹn lẹ́nu kí n gbọ́ ohun tí ẹ wí."

Láwàlì rò ó wò. Báwo ni pákò ẹnu ẹlòmíì ṣe ń dí etí ẹni? Ó bọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó kígbe pé iná ń jó ẹní. Ìyá ń hun ẹní rẹ̀ lọ. Ó wá bọ́ síwájú rẹ̀, ó mi ètè lásán, kò gbóhùn jáde: "Mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì."

"Èyí tó wà nílé, ṣé o ti bọ́ ọ yó?"

"Ẹnu wa lẹ ń wò, Màámi."

"Ó ti pẹ́. Ṣé kí n máa polówó rẹ̀ ni? Ẹnu àwọn ará ibí, mo mọ bí kálukú ṣe ń yà á. Ẹnu ta ni mo mọ̀ l'Ékòó?"

"Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé ńkọ́?"

Ìyá dìde, ó wọ́ ẹní rẹ̀ dé ìdí ògiri, ó fẹ̀yìn tì í, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ó dáa, kó gba inú ògiri wọlé."

Láwàlì wo ògiri títí. Níkẹyìn, ó bẹ Bàbá pé kó máa yà wò ó láràárọ̀, ṣùgbọ́n kó máa ju pákò nù kó tó wọlé.

"Òbúkọ mi lọ," ni Bàbá wí, "pákò mi náà tún tẹ̀ lé e."

Awakọ̀ lọ́rí ló sọ èyí tó kù fún mi, mi ò sì tíì gbà á tán. Ó ní Láwàlì nìkan ló wọkọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ké, ó sì rọra sọ ọ́ sẹ́nu pé, "Obìnrin yìí lágídí."

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún, ó pariwo pé, "Ìwọ ńkọ́, ta lo fìwà jọ?"