Ife Kọfí tí Abu Mithqal Ní Kí Wọ́n Má Mu

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ìkànnì tí àwọn alárùn kíndìnrín yóò fi máa béèrè oògùn, dókítà mẹ́fà jókòó ní yàrá ìpàdé ní àdúgbò orí òkè tí wọ́n ń pè ní Jabal al-Weibdeh, wọ́n tẹjú mọ́ ògiri. Lubna tó kọ ojú ìwé náà tẹ bọ́tìnì. Òfìfo. Ó tún un tẹ̀. Òfìfo. Bí oòrùn bá kan àtàrí tí kò ṣí, àwọn dókítà yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, Lubna tí kò tíì pé oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́ yóò sì padà sílé ìyá rẹ̀ ní Madaba.

"Abu Mithqal!" Hazza ọ̀gá wọn figbe ta. "Sáfà yín ò dá ọmọ yìí lóhùn o!"

Abu Mithqal, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò gbójú sókè. "Ó dá a lóhùn. Bùráúsà ló gbẹ́sẹ̀ lé èsì náà, torí àdírẹ́sì rẹ̀ ò sí nínú ìwé mi."

Inú sáfà ni orúkọ àwọn aláìsàn wà, àdírẹ́sì ọ̀tọ̀ sì ni ojú ìwé Lubna ń gbé. Bùráúsà, ètò tí a fi ń ṣí ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, kì í jẹ́ kí ojú ìwé kan ka ohun tó ti ilé onílé wá, àfi bí onílé bá ti dárúkọ àlejò náà. Àwọn ọ̀lẹ a máa kọ ìràwọ̀ kan ṣoṣo dípò orúkọ: kí gbogbo ayé máa wọlé.

"Ẹ kọ ìràwọ̀, ká sinmi!" ni Hazza wí.

"Hazza, lọ yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ kúrò lára ògiri ná. Bí ìyá rẹ bá gbà, èmi náà á kọ ọ́."

Hazza fa kíbọọ̀dù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó kọ ìràwọ̀ fúnra rẹ̀. Lubna tẹ bọ́tìnì. Òfìfo. Abu Mithqal fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. "Àwọn aláìsàn yìí ń mú káàdì ìdánimọ̀ dání wọlé. Ẹni tó bá mú káàdì dání, bùráúsà kì í gba ìràwọ̀ fún un, orúkọ ló ń fẹ́. Ẹ wo bí ẹ̀rọ lásán ṣe gbọ́n ju ọ̀gá lọ."

"Ṣebí mo wá bá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá!" Ẹkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Lubna lẹ́nu. "Mo jókòó níwájú yín!"

"O wá. Mo bu kọfí fún ọ. O mu ún."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà ńbẹ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan a máa gbé ife kalẹ̀ títí onílé á fi ní, 'Mu, o ti rí i gbà.' Ìwọ gbé tìrẹ mì gbáú, o tún béèrè omi. Mo ní ọmọ yìí kàn wá kí mi ni."

"Mo kọ àdírẹ́sì sínú bébà, mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì yín!"

"Ó wà ńbẹ̀. Mo ń retí ẹni tó ni í kó wá tọrọ."

Ó bu kọfí mìíràn. Lubna rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Àgbàlagbà náà bi í pé: Níbo lo ti wá? Kí lo fẹ́ ṣe? Kí lo gbé dání? Ó dáhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abu Mithqal pa ìràwọ̀ rẹ́, ó kọ ìlà kan ṣoṣo, orúkọ aláìsàn sì rọ́ jáde sára ògiri nígbà tí ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. "Mu ún wàyí," ó ní, "ó ti tutù."

Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe aṣọ́bodè kó tó kọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ará ilé iṣẹ́ ní ó béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ àna rẹ̀ rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Umm Mithqal, aya rẹ̀, ní irọ́ gbáà ni: ẹ̀gbọ́n Abu Mithqal fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe àna.

Ti ọjọ́ ìtọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kò ní àsọdùn nínú, ó kéré tán, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ bákan náà. Ogún ọkùnrin láti ìdílé ọkọ gbé ife kalẹ̀. Abu Mithqal bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta rẹ̀. Ara ta ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ. "Abu Mithqal, ìyàwó la wá fẹ́, a ò wá kọjá ibodè!"

"Ó dáa. Mo fún yín láyè àtiwò. Ti àtimúlọ, ẹ padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀."

Oṣù kẹrin ọdún yìí ni ọkàn Abu Mithqal dáṣẹ́ sílẹ̀. Nílé ọ̀fọ̀, Lubna mu kọfí kíkorò tí wọ́n bu fún un, torí pé lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó ní ohun tó fẹ́ tọrọ.

Òun ni Hazza fi sáfà lé lọ́wọ́. "Kọ ìràwọ̀ síbi tí kò bá ti sí káàdì," ni Hazza wí, "bàbá ti lọ." Lubna ṣí ìwé àdírẹ́sì Abu Mithqal. Àdírẹ́sì mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀, bàbá sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ọmọ Karak. Òǹrorò, àmọ́ kì í purọ́." "Ẹ má jẹ́ kí eléyìí kọ nǹkan, kó máa kà nìkan." Ó wá tirẹ̀ rí: "Lubna. Ó mu kọfí kó tó tọrọ. Àtẹ̀gùn òkè ló gùn wá, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo rí i. Èmi ló yẹ kí n bi í."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò kọ ìràwọ̀ kankan.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin kan láti Irbid gun àtẹ̀gùn wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àdírẹ́sì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lubna bu kọfí fún un. Kó tó jókòó, ó ti gbé e dà sọ́nà ọ̀fun.

Lubna rẹ́rìn-ín. Ó bu òmíràn, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ti òùngbẹ nìyẹn. Èyí ni kó o má tíì mu. Ó yá, níbo lo ti wá?"