Kọ́kọ́rọ́ Ilé Kaṣú Wà Lọ́wọ́ Bùọ̀dá Dáyọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní àsìkò kaṣú tó kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi á dàrú, màá sì pa á rẹ́.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń bójú tó ilé-iṣẹ́ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ní Osí. Kaṣú là ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Osí, Koro àti àwọn abúlé tó yí wa ká, tí a ń tà fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè òkun. Láyé bàbá wa, kí kaṣú ṣáà ti gbẹ dáadáa ni. Ní báyìí, àwọn òyìnbó fẹ́ mọ oko tí àpò kọ̀ọ̀kan ti wá, orúkọ ẹni tó ni oko náà àti ibi tó wà gan-an lórí máàpù. A rin oko títí ẹsẹ̀ wa fi wú kí a tó kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ọ́fíìsì.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti darúgbó! Bí iná bá ṣẹ́jú báyìí, ó kú nìyẹn. Bí a bá tún tàn án, á máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹnjiníà Gàníyù, ará Ìlọrin tó ń bá wa tún un ṣe, sọ fún mi pé bí a kò bá tètè kó àkọsílẹ̀ yẹn lọ sí cloud, ọjọ́ kan la máa jí tí a ò ní bá ohunkóhun níbẹ̀. Cloud tó ń wí yìí, kò ju pé kí àkọsílẹ̀ wa wà nínú kọ̀ǹpútà ńláńlá àwọn ẹlòmíràn lọ́nà jíjìn, kí a máa fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣí i láti ibikíbi.

Gbogbo wa ọmọ bàbá ṣèpàdé lórí WhatsApp. Ẹ̀rù bà wá o! Ọ̀kan ní àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa jí i. Òmíràn bi mí pé ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Osí tí kò lè gbé ìpè kan já ni yóò wá gbé iṣẹ́ bàbá wa. Èmi alára ò mọ èyí tí mo fẹ́. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù, màá bá wọn bẹ̀rù. Bí Ẹnjiníà bá sọ tirẹ̀, màá gbà fún un. Nígbẹ̀yìn, Bùọ̀dá Dáyọ̀, ẹ̀gbọ́n wa àgbà tí wọ́n wà ní Kánádà, ní kí a kó o lọ. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ẹnjiníà wá béèrè pé nọ́ńbà fóònù ta ni kí òun fi sí i, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé, kóòdù kan máa wá sórí fóònù yẹn kó tó lè ṣí. Ṣé ìyẹn tún ń fẹ́ ìpàdé? Ohùn wa ṣọ̀kan pé ti Bùọ̀dá ni!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ wá. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa, àwọn àgbà ẹbí gbé kọ́kọ́rọ́ ilé kaṣú lé Bùọ̀dá Dáyọ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo wa, torí àwọn ni àkọ́bí. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ náà wọ bàálù lọ sí Kánádà, wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀ wọn. Àwa tó kù nílé lọ gé òmíràn, ìyẹn la fi ń ṣílẹ̀kùn, ọ̀wọ̀ Bùọ̀dá sì wà níbẹ̀. Ta ló rò pé ti orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè lọ gé òmíràn?

Lákọ̀ọ́kọ́, nǹkan ń lọ geere. Bùọ̀dá fi kóòdù ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà tuntun tí mo rà dá mi mọ̀, kò sì béèrè mọ́. Ti àtijọ́ kú pátápátá, a ò tilẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Àfi ọjọ́ tí ọkọ̀ àwọn oníbàárà wa dé láti Èkó. Àwọn àgbẹ̀ ti to kaṣú wọn síwájú ọ́fíìsì. Ìyá Ṣadé, opó kan láti Koro, ló kó àwọn ará abúlé rẹ̀ wá. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tà fún àwọn alágbàtà tó ń kiri, pé ọ̀dọ̀ wa ló dára. Àsìkò ti ń parí lọ, ọkọ̀ mìíràn ò sì ní wá mọ́. Aṣojú tó tẹ̀ lé ọkọ̀ ní kí n ṣí àkọsílẹ̀ oko kí wọ́n tó gbé àpò kankan. Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ò mọ̀ mí mọ́, kí n mú kóòdù wá.

Mo pe Bùọ̀dá. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n gbé e, ara wọn sì yá. Ẹnu ìlú wa ni wọ́n fi kí mi, ó sì yà mí lẹ́nu, torí òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń bá wa sọ. Mo ní kóòdù ti wọlé sórí fóònù wọn, kí wọ́n jọ̀ọ́ kà á fún mi.

Wọ́n wá ní, "Tóyìn, ṣé Bàbá ti ti ulé kaṣú?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Mo tún un sọ, mo ṣàlàyé pé nọ́ńbà kan báyìí ni, pé wọ́n á rí i lójú fóònù.

"Mo ti mú un fún Bàbá," ni wọ́n wí. "Bi í, á fún ọ."

Bàbá tí àwọn fúnra wọn kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè rẹ̀! Mo gé ìpè náà. Mo pè padà, mo tún pè. Nígbà kan, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun kí n tó lọ síléèwé. Nígbà mìíràn, wọ́n kàn ń gbàdúrà fún mi, àdúrà gígùn tó dára, irú èyí tí wọ́n máa ń gbà lórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí àwa á sì máa ṣe àmín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo pe Ẹnjiníà. Ó ní ọwọ́ òun ò ká a, pé ẹni tó ni nọ́ńbà nìkan ló lè yí i padà.

Aṣojú yẹn dúró dè mí títí. Ó ṣàánú mi, ṣùgbọ́n kò lè gbé kaṣú tí a kò mọ oko rẹ̀. Lófìfo ni ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìlọfà lọ. Mo dúró lójú títì, mo ń wò ó lọ.

Ìyá Ṣadé wá bá mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, ì bá tiẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn bó bá bú mi. Mo sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé òun nìkan lí ń gbé ulé ọ̀ún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ sì wà ní ìlú mìíràn. Ó mi orí, ó sì sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé àpò wọn. Àwọn alágbàtà ló rà á ní iye tó wù wọ́n. Kò tíì padà wá sọ́dọ̀ mi láti ìgbà náà, n kò sì dá a lẹ́bi.

Sìmí, ọmọ Bùọ̀dá, ló lọ bá wọn gbé. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé àwọn ti ń fura pé bàbá àwọn ti ń gbàgbé nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn má sọ fún àwọn ará ilé. Ó bá wa rí kóòdù, àkọsílẹ̀ wa sì ṣí, nígbà tí kò wúlò mọ́.

Ẹnjiníà ní kí a yára fi nọ́ńbà ẹlòmíràn sí i. Òótọ́ ni! Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nínú ẹbí pé kí a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àkọ́bí, tó sì wà láàyè? A ti ṣèpàdé, gbogbo wa kàn ń bi ara wa léèrè àlàáfíà ni. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Èmi náà ò lè sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó iṣẹ́ yín lọ sí cloud, ẹ má fi ọ̀nà ibẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kẹ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún un tó. Bẹ́ ẹ bá sì pe ènìyàn yín tó wà lókè òkun, ẹ má kàn ṣe àmín kẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tó jẹ lánàá. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí? Báwo lẹ ṣe sọ ọ́ nínú ẹbí yín? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Kọ̀ǹpútà tún ti ń béèrè kóòdù, mo gbọ́dọ̀ pè wọ́n. Sìmí á fi fóònù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á ka nọ́ńbà náà fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú wọn á sì dùn pé àwọn ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bi mí bóyá Bàbá ti ti ilé kaṣú. Màá ní ó ti tì í.