Sóyà Gbó, Aránṣọ Ò Gbà

Ogójì ọdún ni Ìyá Aránṣọ fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, títí ojú rẹ̀ fi ṣe bàìbàì tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ló bá pa ẹ̀rọ tì, ó mú ọkọ́. Ilẹ̀ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ló gbin sóyà sí, bẹ́ẹ̀ kò gbin ín rí láyé. Ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni pé àbúrò ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń pè ní Dẹ́rẹ́bà, ń fojú sí ilẹ̀ náà lára.

Lọ́jọ́ kẹfà, sóyà yọrí. Kò pẹ́, ó bo ilẹ̀, ó yọ òdòdó kéékèèké sábẹ́ ewé, ó sì so. Bí ẹni ń wá bọ́tìnì nínú àpò ni Aránṣọ ṣe ń fọwọ́ tẹ èèpo onírun náà wò. Hóró inú rẹ̀ ń tóbi sí i.

Àfi bó ṣe rí ipasẹ̀ bàtà láàárín ebè láàárọ̀ ọjọ́ kan. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀ báyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè. Ó fa ìdí kan tu: kókó wínníwínní ló kún ara gbòǹgbò.

"Ó ti da nǹkan sí i," ló wí lọ́kàn.

Ó lọ ká ọkùnrin náà mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Kí lẹ wá dé inú oko mi?"

"Ìyàwó wa, mo ń wò ó bóyá ó ti ń gbó ni."

"Kókó ìdí rẹ̀ yìí ńkọ́?"

Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ló ń fún un lókun, kì í ṣe àìsàn. Ewé á wọ́ dànù, èèpo á gbẹ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mì í tó dún wọrọwọrọ, ẹ gé e, ẹ má fi falẹ̀ o."

"Ẹ ṣeun," ni Aránṣọ wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò bá a lára mu. Ta ló fi sóyà kọ́ awakọ̀?

Lóòótọ́, ewé wọ́ tán, èèpo ń dún. Dẹ́rẹ́bà nahùn láti ìdí ọgbà: "Ìyàwó, òní ni o!"

Kí ló ń lé e? ni Aránṣọ ń rò lọ́kàn. Ó fẹ́ kí n gé e ní tútù, kó jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́, kí n sì sọ pé ilẹ̀ sú mi. Aránṣọ fi ọ̀bẹ pamọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sójú fèrèsé tó ń ṣọ́ ọgbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, oòrùn mú janjan, ó gbọ́ "ta! ta!" nínú oko. Ó gbé igi, ó sáré jáde láti mú olè. Kò sẹ́ni kankan. Èèpo ló ń là fúnra rẹ̀, tó ń ta hóró dà sílẹ̀.

Ibi tó ti ń ṣà á lórí ìkúnlẹ̀ ni Dẹ́rẹ́bà bá a, tòun ti ọ̀bẹ àti tapólì tí wọ́n máa tẹ́ sílẹ̀. Kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Wọ́n gé e títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

"Níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?" ni Aránṣọ bi í.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fọkọ̀ kó o fáwọn iléeṣẹ́ tó ń fún epo rẹ̀. Inú oko ni mo ti máa ń dúró de ẹrù."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ẹ ò kúkú bi mí." Ó nu òógùn. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé kí n bá yín ro ó?"

Aránṣọ wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ rò ó ná."