Ẹ̀ka Máńgòrò Orí Yàrá Màmá

Bí ìjì bá ń bọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, orí páànù ilé wa ni mo ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀ka máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ti gùn kọjá òrùlé, ó sì nípọn tó itan géńdé. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha páànù, hàràrà, hàràrà. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni bẹ́ẹ̀dì màmá mi wà, ẹsẹ̀ Màmá kò sì gbé e mọ́ látìgbà tó ti ṣubú. Ariwo yẹn kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, ẹ̀ka kékeré kan já, ó dá ihò sí páànù, omi sì ń kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Màmá. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní ká gbé e lọ sí pálọ̀, kí n lọ wá agégi. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Òun ò kúrò ní yàrá òun, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gé igi náà. Ó ní òjìji rẹ̀ ń tu òun lára. Mo ní òjìji wo, ṣebí inú ilé lẹ wà? Ó ní èso rẹ̀ dùn. Kíkan ló kan, àwọn ọmọ àdúgbò pàápàá kì í ṣà á. Inú bí mi débi pé mo jáde fún un.

Tíṣà ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ìyá ìjọ sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kì í purọ́. Ohun tó jẹ́ kí n fura nìyẹn, àmọ́ mi ò dúró wádìí. Mo ránṣẹ́ pe agégi kan láti Mushin láìsọ fún un.

Nígbà tí agégi náà dé, ó wo òkè títí, ó mi orí. "Àǹtí, ẹ gbé ìyá yẹn kúrò nínú yàrá o. Tí ẹ̀ka yìí bá yí mọ́ mi lọ́wọ́, orí páànù ló máa bọ́ sí."

Mo wọlé lọ sọ fún Màmá. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ibi ọmọ tó tẹ̀ lé àbúrò ẹ wáyé ló wà nídìí igi yẹn," ó wí, kò wojú mi. "Bàbá yín gbẹ́ ilẹ̀, èmi gbin kóró máńgòrò lé e lórí. Ojú máa tì mí tí wọ́n bá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má gé e nígbà tí àbúrò ẹ kò sí nílé."

Ọ̀nà aṣálẹ̀ ni àbúrò mi gbà lọ sókè òkun. Ìgbà tó pè wá kẹ́yìn, ó ní àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé.

Ẹkún gbọ̀n mí, ìbínú sì wà níbẹ̀. Ọmọ tó lọ ti lọ, èmi tí mo ń gbé Màmá lọ sí balùwẹ̀ ni mo wà níbí. Nígbà tí mo jáde, ojú ọ̀run ti ṣú. Mo sọ fún agégi pé ẹ̀ka orí yàrá nìkan ni kó gé, kó má fọwọ́ kan ìdí igi, kó sì fi okùn sọ ẹ̀ka náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní òjò ti dé. Mo ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Màmá ò sì kúrò nínú yàrá.

Ẹ̀ka náà kù díẹ̀ kó já nígbà tí ìjì bẹ̀rẹ̀. Okùn yọ̀ lọ́wọ́ agégi, ẹ̀ka yí, ó gbá etí òrùlé, gbogbo ilé mì. Mo sáré wọlé, mo ń pe Màmá.

Eruku ti bo bẹ́ẹ̀dì, òun sì jókòó sórí rẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é.

"Ìdí rẹ̀ ńkọ́?" ló bi mí.

Mo ní ó dúró digbí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Òjò náà rọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìjì jà, kò sí ohun tó ha páànù. Ọkàn mi balẹ̀, mo bu tíì lọ fún Màmá. Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Ṣé o ń gbọ́ nǹkan kan?"

"Rárá, Màmá. A ti gé e."

"Mo mọ̀," ó wí. "Tó bá ti ń ha páànù yẹn, mo máa ń sọ fún ara mi pé àbúrò ẹ ló ń bọ̀."

Ó gba tíì lọ́wọ́ mi, kò mu ún. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí.