Àbúrò mi pa fóònù nítorí òjò

Láti àárọ̀ ni mo ti ń pe àbúrò mi obìnrin, Àbẹ̀kẹ́, tó ń dá gbé ní Ajangbadi. Fóònù rẹ̀ kò lọ rárá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ra fóònù kékeré oníbọ́tìnì fún un, tí mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo gun ọ̀kadà láti Ìbà. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Àbẹ̀kẹ́, fóònù rẹ dà?"

"Ó wà nínú àpótí, Bùọ̀dá mi. Mo ti pa á."

"Kí ló dé?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa pa á tójò bá ti ṣú, kí àrá má bàa pa mí. Ẹ ò rí ojú ọ̀run ni?"

Mo wòkè. Ó ṣú lóòótọ́.

"Òjò ò tíì rọ̀ kẹ̀."

"Mo ń dúró dè é ni."

Mo padà sílé. Òjò ti dé báyìí, ó sì le, bẹ́ẹ̀ ni páànù ilé rẹ̀ ń jò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ajangbadi, ṣé òjò ti dá lọ́dọ̀ yín, kí n lè pè é?