Ọ̀rá Ìtọ̀ Lẹ́yìn Ìrọ̀rí

Ní ọdún tí nǹkan le, tí gààrí mímu di oúnjẹ alẹ́ wa, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá mi ní ìlú Oǹdó. Wọ́n yọ ilé-ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣí ojú tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ìdodo rẹ̀ kí ìtọ̀ máa gba ibẹ̀ jáde. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ìtọ̀ lọ sínú ọ̀rá. Èmi tí ìwé mi ò jìnnà ni mo gbà á sọ́dọ̀ ní Arákalẹ̀, l'Ákùúrẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ọ̀rá náà kò gbọdọ̀ ga ju ikùn lọ. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọ ojú náà, ó pupa, ó ń dán bí inú ètè ọmọ tuntun, ó sì rọra ń súnkì fúnra rẹ̀. Bàbá ní kò dun òun rárá. Mo kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wò ó.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ wá kí i láti Oǹdó. Ojú tì mí. Mo gbé ọ̀rá náà sẹ́yìn ìrọ̀rí, mo fi aṣọ bò ó. Bàbá wò mí, kò sọ nǹkan kan, torí àlejò. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n rántí ìgbà tó ń ṣe tíṣà. Kí wọ́n tó lọ tán, bàbá ti ń gbọ̀n.

Mo pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Ibi tí ọ̀rá wà ló kọ́kọ́ bi mí. Ó ní ìtọ̀ ti ń padà sínú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, kí n gbé ọ̀rá sísàlẹ̀, kí n sì máa gbé bàbá bọ̀ ní ọsibítù kíá. Bí mo ṣe gbé e sílẹ̀ ni ìtọ̀ ya wọnú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà."

Eyín bàbá ń lu ara wọn. "Àbí o fẹ́ kí n máa tọ̀ gòkè ọ̀run ni?"

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, Ọlọ́run bá wa ṣé, ó yè é. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ tún dé, irin ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi ọ̀rá kọ́ sí, ní gbangba. Ọ̀kan bèèrè ohun tó jẹ́.

Bàbá ní, "Ìtọ̀ mi ni. Ẹ bá mi kí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di ojú, wọ́n ń gbàdúrà. Èmi ò di ojú. Mo ń wo bí ìtọ̀ ṣe ń kán sínú ọ̀rá, ẹyọ kan, ẹyọ kan.